Fóònù Tó Ń Gbé Orí Ògiri

Ní ọdún 2004, àwọn tó ní fóònù ní àdúgbò Gawon Nama ní Sókótó ń gbé e rìn bí ẹni gbé ọmọ tuntun: òmíràn nínú àpò àyà, òmíràn nínú ọ̀já ìdí, òmíràn lọ́wọ́ gbangba kí gbogbo ayé lè rí i. Ti Fádípẹ̀ nìkan ni kì í kúrò nílé. Inú abọ́ tánganran kan ló ń gbé, lórí ògiri àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹyẹlé rẹ̀, ojú rẹ̀ sí ìhà gúúsù.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, á ní, "Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà." Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé e dé Sókótó nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, wọ́n sì fi í sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ọdún ìsìnlú pé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Òun dúró. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dá a dúró. Ó fẹ́ràn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tẹ́jú, tí ojú lè lọ jìnnà kí ó tó kan igi. Ó fẹ́ràn pé àwọn ènìyàn ń kí i dáadáa láìbéèrè ọmọ ta ni. Ó lọ fẹ́ ìyàwó nílé, ó mú un wá, wọ́n bí Ayọ̀fẹ́. Ìyàwó fara da ooru, ó fara da ọyẹ́ tó ń la ètè. Ohun tí kò lè fara dà ni ìdákẹ́jẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Tí mo bá fẹ́ máa bá ògiri sọ̀rọ̀," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n lọ bá ti ilé wa sọ ọ́."

Ó mú ọmọ, ó lọ. Ayọ̀fẹ́ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Fádípẹ̀ ní òun á tẹ̀ lé wọn bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí. Sáà náà parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ó ra ẹyẹlé.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ìlú, ó pẹ́ kí ó tó ra tirẹ̀. Nígbà tó rà á, ó fi nọ́ḿbà rẹ̀ rán olùkọ́ kan tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú sí Ayọ̀fẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ń fún àwọn ẹyẹlé ní ọkà bàbà, ó dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ju fóònù náà sínú abọ́ tó ti da ọkà inú rẹ̀ tán, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tú sílẹ̀. Fóònù dún nínú abọ́ náà. Àwọn ẹyẹlé fò.

"Bàbá mi?"

Kò mọ ohùn náà. Ohùn ọmọbìnrin tó ti dàgbà ni.

"Ayọ̀fẹ́ ni, bàbá mi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ni mo wà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi ò ní í tó o. Màá pè padà."

Ó pè padà lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́jọ́ Àìkú. Inú abọ́ náà ni fóònù wà lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ariwo ẹyẹ pọ̀, ìpè náà já kí ọmọ náà tó dé orí ọ̀rọ̀. Láàárín ìpè kejì àti ìgbà tó tún ń retí, Fádípẹ̀ gbé fóònù lọ sí ọjà Kofar Doya lẹ́ẹ̀kan. Kò dún. Ó gbé e lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kan, kò dún. Ó dá a padà sínú abọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò jókòó kí ó pinnu rẹ̀. Láàárọ̀ á dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀, á nu abọ́, á gbé fóònù sí i, á kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, kò sì ní wò ó mọ́ títí àwọn ẹyẹlé á fi jẹun tán. Bí iná bá dé, á fà á wọlé kí ó lè gba agbára. Bí iná bá lọ, á dá a padà.

Ayọ̀fẹ́ fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù fún un láti máa dúró dè láyé nìyẹn. Ìyá ọmọ náà kò ní fóònù. Lẹ́tà tó kọ sí wọn kò ní èsì. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí nǹkan orí ògiri yẹn dún.

Nígbà mìíràn, tó bá ti ilé ìwé dé, á rí i lójú fóònù pé ẹnì kan ti pè é. Nọ́ḿbà tí kò mọ̀ ni. Á pè é. Ọkùnrin kan á dá a lóhùn láàárín ariwo ọkọ̀: "Ta lẹ̀ ń wá, bàbá? Ìta ni mo ti ń ta ìpè. Ẹni tó pè yín ti lọ."

Fádípẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé, ó kéré tán, ìpè náà wọlé. Abọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Á tún nù ún.

Ògiri kan náà ló ya àgbàlá rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti Sìmbíátù, ìyá Mùkáílà, opó kan tó ń ta gàrí àti ata gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Sókótó ni wọ́n bí Sìmbíátù sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bí ó bá ń sọ Yorùbá, Hausa á máa yọjú láàárín rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Bàbá Ayọ̀fẹ́, ẹ káàárọ̀. Ẹran yín ti jẹun?"

"Ẹran wo?"

"Èyí tí ẹ so mọ́ orí ògiri. Ewúrẹ́ tèmi tiẹ̀ máa ń rìn dé ìta."

"Ìyá Mùkáílà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"To. Inú àpò gàrí ni tèmi wà, ó sì ń dún. Àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi bá fẹ́ràn gàrí."

Ó ń nu abọ́.

"Ṣé kí n máa bá yín gbé e tó bá dún nígbà tí ẹ ò sí nílé?"

"Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fọwọ́ kan abọ́ náà pàápàá."

Sìmbíátù padà sídìí gàrí rẹ̀. "Wallahi, ẹ̀yin tíṣà yìí."

Òun náà ní tirẹ̀. Kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Fádípẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi í léèrè nígbà kan pé, ìbùkún tó wà nínú ilé, ṣé nínú ìdọ̀tí ló ń sùn ni tí ìgbálẹ̀ fi máa gbá a lọ? Sìmbíátù rẹ́rìn-ín. "Ìyá bàbá mi ò gbá a. Ìyá mi ò gbá a. Ẹ wá fẹ́ kí èmi tó kẹ́yìn dé máa gbá a." Fádípẹ̀ mi orí, ó sì wọlé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ẹni tó mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e lórí bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n sì ń ba fìlà rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ó lu ihò sí ògiri yàrá rẹ̀, ó fi páìpù kékeré kan gba ibẹ̀ jáde sí ilé ẹyẹlé. Láti ìgbà náà, ó ń ti inú yàrá da ọkà sí wọn. Àwọn ẹyẹ kò rí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkà kàn ń bọ́ ni, nígbà tó bá wu ọkà.

Ó máa ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe. Èyí tó ní àmì funfun lọ́rùn ni. Bí ebi bá ti ń pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, sí ọwọ́ òsì, bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkà bá pẹ́, á yí sí i. Bí ọkà bá bọ́, á dúró, á jẹun pẹ̀lú ìdánilójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé Fádípẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹyẹ náà ṣèèṣì yí, ọkà sì ṣèèṣì bọ́. Ó gbà pé yíyí òun ló mú un bọ́. Ó tún yí, kò bọ́, ó yí sí i, ó bọ́ nígbẹ̀yìn, nítorí pé Fádípẹ̀ kò lè ṣe kó má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀rí dé.

Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó gbé e lọ sí kíláàsì.

Àwọn ọmọbìnrin náà jókòó pẹ̀lú ìborí funfun wọn, wọ́n gbọ́ ìtàn ẹyẹlé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fádípẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbòmíràn, máa ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

"Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn gan-an," ó ní. "Ẹ̀dá méjì wà nínú koríko gíga. Koríko mì. Ọ̀kan sá. Èkejì dúró, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ náà ni, ẹni tó sá kàn da ara rẹ̀ láàmú lásán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́, ẹni tó dúró kò ní bí ọmọ mọ́. Àwa tá a wà níbí, ọmọ ta ni wá?"

"Ọmọ ẹni tó sá."

"Ọmọ ẹni tó sá ni wá. Nítorí náà ló ṣe rọrùn fún wa láti rí ẹnì kan níbi tí afẹ́fẹ́ nìkan wà."

Ó sọ fún wọn nípa eku tó jẹ májèlé díẹ̀, tí kò kú, tí kò sì tún ní fẹnu kan oúnjẹ náà láé. Ó sọ ti ajá tó gbọ́ ìró àwo, tí itọ́ kún un lẹ́nu. Ọgbọ́n ẹranko, ó ní, ni pé kí ó mọ bí a ṣe ń so nǹkan méjì pọ̀: ìró àti oúnjẹ, òórùn àti ikú. Ẹ̀dá tí kò lè so ó ti kú tán tipẹ́. Ìgbàgbọ́ asán náà, síso ni. Ọwọ́ kan náà ló so méjèèjì, ọwọ́ náà kò sì mọ ìgbà tó so èyí tí kò tọ́.

"Àṣìṣe ti ènìyàn wá ní ẹnu," ó ní. "Àṣìṣe ẹyẹlé á kú pẹ̀lú ẹyẹlé. Ènìyàn á sọ tirẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀. Nígbà tó bá pẹ́, kò sẹ́ni tó rántí ọkà tí wọ́n ń retí mọ́. Yíyí nìkan ló kù."

Ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jummai, tó máa ń jókòó létí fèrèsé, tí kì í sábà béèrè nǹkan. Ó nawọ́.

"Malam, báwo ni ẹyẹlé yẹn ṣe lè mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Kí ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó wò ó bóyá ọkà á bọ́."

"Kí ló dé tí kò dúró?"

"Ebi ń pa á," Fádípẹ̀ ní. "Ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ dán nǹkan wò."

Ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó rò ó títí tó fi délé.

Sìmbíátù ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ayọ̀fẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri mi lónìí."

Ó dúró.

"Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Mo jókòó síbí, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ẹkún ọmọ inú ilé tí wọ́n tì pa. Mo tiẹ̀ dìde, mo nawọ́ sí i. Mo rántí ohun tí ẹ sọ, mo ká ọwọ́ mi kò."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sán. Ọ̀sán náà ló máa ń dún. Haba, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Nígbà tí ẹ bá wà nílé ìwé. Ẹni tó ń pè yín á kàn rò pé ẹ ti kú ni."

Ó wọlé, ó gbé fóònù kúrò nínú abọ́, ó pe nọ́ḿbà tó wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ìpè náà ló gbé e. Ó ti mọ ohùn Fádípẹ̀.

"Bàbá, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé ìwé ni, àbí? Ó ti lọ o. Ọmọ yẹn ti ń wá síbí tipẹ́. Lẹ́yìn ilé ìwé ló máa ń yà. Lónìí ó ní ó dà bíi pé bàbá òun máa ń rí nọ́ḿbà, wọn ò kàn fẹ́ gbé e ni."

Fádípẹ̀ gbé fóònù wọ inú yàrá.

"Bàbá? Kí n bá yín sọ kí ni fún un tó bá tún wá?"

"Ẹ sọ fún un pé..." Ó wá ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ẹyẹlé ń ké, àkókò oúnjẹ wọn ti tó. Ó bu ọkà, ó dà á sínú páìpù, ó sì lọ sí ojú fèrèsé nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ọkà ti wà nílẹ̀. Àwọn yòókù ti bò ó. Ẹyẹ alámì funfun ṣì ń yí. Kò tíì yí tán. Ó yí, ó yí, ó fara balẹ̀ yí, nígbà tó sì dojú kọ oúnjẹ, ọkà ti tán nílẹ̀.

Fádípẹ̀ kúrò lójú fèrèsé.

Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Mímọ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ki fóònù bọ àpò àyà. Ẹ̀rù kan bà á, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbàgbé ọmọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Lórí ọ̀kadà, ó wẹ̀yìn. Abọ́ náà ń dán lórí ògiri, òfìfo.

Kò dún lọ́jọ́ náà. Kò dún lọ́jọ́ kejì. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó máa ń yọ ọ́ wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Malam Fádípẹ̀ ti ra fóònù tuntun."

"Kì í ṣe tuntun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdásílẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń ṣírò. Ìgbà tó wà nínú abọ́, ìpè wọlé. Ìgbà tó kúrò nínú abọ́, kò sí nǹkan. Kò ṣe é jiyàn. Ó mọ bí òun ṣe máa já irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e wá. Kò sì lè já a fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dá fóònù padà sínú abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó dé fìlà. Ó kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù. Ìtura tó bá a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi tì í lójú.

Nígbà tó dé láti ilé ìwé, ẹnì kan ti pè é. Nọ́ḿbà mìíràn ni, èyí tí kò rí rí. Ó pè é, ó pè é, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fóònù lọ́wọ́ kan, abọ́ lọ́wọ́ kejì. Sìmbíátù ń fẹ́ ata ní òdìkejì, ata náà mú kí obìnrin náà máa wúkọ́.

"Ó tún dún," Sìmbíátù ní.

"Mo ti rí i."

"Ẹ gbé e lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kò dún. Ẹ fi sílẹ̀ lónìí, ó dún." Ó mi orí. "Bóyá òótọ́ lẹ̀ ń sọ nípa abọ́ yẹn. Mo tọrọ àforíjì."

Nínú gbogbo ayé, àforíjì Sìmbíátù ni Fádípẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ jù lọ́jọ́ yẹn. Ó wo ojú obìnrin náà, kò rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà gba ọ̀rọ̀ abọ́ gbọ́ lóòótọ́. Bí òun bá kú lónìí, obìnrin yìí á sọ fún Mùkáílà pé inú abọ́ tánganran ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, Mùkáílà á sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀.

"Ìyá Mùkáílà," ó ní, "bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ ló ń mú un dún, kí ni mo fẹ́ fi dídún ṣe nígbà tí mi ò sí níbẹ̀?"

Sìmbíátù ronú sí i. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀," ó ní.

Láti ọjọ́ kejì, ó gbé fóònù dání. Kò dá a lójú pé á dún. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé ó dá òun lójú. Ó kàn gbé e dání, ẹ̀rù náà sì ń bá a rìn.

Ọjọ́bọ̀ ni, nígbà ìdánwò ìparí sáà. Ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn, gbogbo orí tẹ̀ sórí ìwé, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ti fèrèsé wọlé. Fóònù dún ní àyà rẹ̀. Gbogbo wọn gbé orí sókè. Ó jáde sínú oòrùn.

"Bàbá mi."

"Ayọ̀fẹ́."

"Ẹ gbé e."

"Mo gbé e."

Ó gbọ́ bí ọkọ̀ kan ṣe fọn fèrè lọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbé e ni."

Ó fẹ́ ṣàlàyé. Abọ́, ẹyẹ, koríko tó mì: gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gùn ju owó ọwọ́ ọmọ lọ. "Rárá," ni ohun tó jáde.

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín nígbà yẹn ni bóyá mo lè wá lo ọlidé lọ́dọ̀ yín. Ẹ má dà á láàmú mọ́. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Màámi, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Èkó. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá mú mi. Mo ní kí n kàn sọ fún yín."

Fádípẹ̀ la ẹnu.

"Bàbá mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó wà níbẹ̀. Ó ń wá gbólóhùn kan tó máa gba gbogbo rẹ̀.

"Ó dáa, bàbá mi. Owó mi ti tán."

Ìpè já. Ó pe nọ́ḿbà náà lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin ọjọ́sí ló gbé e.

"Ẹ bá mi pè é," Fádípẹ̀ ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é padà."

"Ó ti ń sọdá, bàbá. Ẹ dúró. Ẹ má pa á o." Ohùn ọkùnrin náà kúrò létí fóònù, ó di igbe: "Ọmọ yìí. Ìwọ oníbàágì. Bàbá ẹ ni o."

Lẹ́yìn ìyẹn, ìró títì nìkan ló ń gbọ́. Ẹnì kan ń polówó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ń bú awakọ̀ ní ohùn Ìjẹ̀bú, ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò fi bú Fádípẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá. Ó di fóònù mọ́ etí, oòrùn ń pa á lórí. Ìró ẹsẹ̀ dé, èémí dé.

"Bàbá mi?"

"Mo fẹ́ kí o wá," ó ní. "Mo ti fẹ́ kí o wá láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Má tíì lọ sí Èkó. Èmi ni màá kọ́kọ́ wá. Mò ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

Ó bojú wo gbọ̀ngàn. Ìdánwò ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó parí.

"Lọ́la ni màá wọ ọkọ̀."

"Màámi ní ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni màmá rẹ sọ."

"Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Àǹtí máa dé. Màá wà nílé títí di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí ìdánwò ọjọ́ náà parí, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ó sọ fún un. Ọ̀gá náà bínú, ó tún wò ó dáadáa, ó ní kí ó máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àpò ọkà fún Sìmbíátù láti orí ògiri, ó fi páìpù hàn án, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Mi ò mọ̀."

"Allah ya kiyaye," Sìmbíátù ní, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Kò fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Kùtùkùtù ọjọ́ Jímọ̀, ó wà ní gáréèjì. Ọkọ̀ kò tètè kún. Ó jókòó létí fèrèsé, ó gbé àpò rẹ̀ sórí itan. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tán, tí pápá gbígbẹ náà tẹ́jú lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí òun máa kọ́kọ́ sọ nígbà tí ọmọ náà bá ṣílẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ lábẹ́ èémí. Kò dára tó. Ó yí i padà, ó tún un sọ.

Ọkùnrin Hausa tó jókòó tì í yíjú sí i, ó bi í pé kí ló sọ. "Me ka ce, Malam?"

"Kò sí nǹkan," Fádípẹ̀ dá a lóhùn ní Hausa. "Mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ni."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá fóònù wà níbẹ̀. Kò sí. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó sì sún ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Fádípẹ̀ lè ráàyè sọ̀rọ̀.